Ìtọ́jú Àrùn Psoriasis Pẹ̀lú Ìmọ́lẹ̀: Bí Àwọ̀ Ara Ṣe Kàn Án

Psoriasis jẹ́ àìsàn awọ ara ọlọ́jọ́ pípẹ́. Kì í ṣe kòkòrò ló ń fà á, ìdọ̀tí kọ́ ló ń mú un wá, kò sì lè ràn láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbógun ti àrùn, ṣi ọ̀tá mú, wọ́n sì dojú ìjà kọ awọ tí wọ́n ń ṣọ́. Sẹ́ẹ̀lì awọ tó yẹ kó lo nǹkan bí oṣù kan kí ó tó ti ìsàlẹ̀ dé òkè wá ń dé òkè láàárín ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n a kóra jọ lórí ara wọn, ojú ibẹ̀ a nípọn, a sì máa hó bí ìpẹ́ ẹja, pàápàá jù lọ ní ìgbọ̀nwọ́, orúnkún, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àti agbárí. Ní ọdún 2014, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹnu kò pé àìsàn tó ń roni lára, tó ń ba ẹwà ara jẹ́, tí kò sì tíì ní àwòtán ni.

Bí kò tilẹ̀ ní àwòtán, ó ní ìtọ́jú tó lè mú un rọlẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ìpara wà, oògùn oníhóró wà, abẹ́rẹ́ ìgbàlódé tó wọ́n gan-an náà wà. Ìmọ́lẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín, nítorí ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè: ǹjẹ́ iná tí àwọn òyìnbó ṣe fún awọ ara tiwọn lè ṣiṣẹ́ lára aláwọ̀ dúdú? Ó lè ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún òyìnbó kọ́ ni a ó lò fún wa, àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù kọ́ ni a ó máa wò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ pé ara ti yá yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwọn.

Bí àrùn náà ṣe ń hàn lára wa

Ní ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn, àwòrán psoriasis tí ẹ ó rí jẹ́ ti awọ funfun: ojú ibẹ̀ pupa fòò, èépá orí rẹ̀ sì ń dán bíi fàdákà. Lára adúmáadán, kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ibẹ̀ lè ní àwọ̀ elése àlùkò, ó lè dúdú ju awọ tó yí i ká lọ, èépá rẹ̀ sì lè rí bí eérú. Lára apọ́nbéporẹ́, pupa díẹ̀ lè hàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà fojú hàn kedere tó bí ó ti wà nínú ìwé.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń pè é ní làpálàpá, tí ẹni tó ní in á sì máa ra ìpara làpálàpá láti ọdún dé ọdún láìrí ìyàtọ̀. Àwọn mìíràn ń fi ẹ̀tẹ̀ pè é, wọ́n a sì máa yẹra fún olúwarẹ̀. Ojú àpá ẹ̀tẹ̀ a máa kú, kì í mọ ìfọwọ́kàn. Ti psoriasis a máa yún, nígbà mìíràn a sì máa ro. Bí èékánná bá tún ń lu ihò wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́, tàbí tí oríkèé ara ń wú tó sì ń ro láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀, nítorí àrùn kan náà lè wọ inú oríkèé.

Ohun mẹ́ta ni àwọn dókítà fi ń díwọ̀n bí psoriasis ṣe le tó, yàtọ̀ sí bí ó ṣe gba ara tó: bí ó ṣe pupa, bí ó ṣe nípọn àti bí ó ṣe ní èépá. Bí pupa kò bá hàn lára aláwọ̀ dúdú, àrùn tó le lè dà bí èyí tó rọrùn lójú ẹni tí kò mọ̀. Àìtó yìí ni Malone Mukwende, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní St George's ní ìlú London, rí tó fi kọ ìwé kékeré kan pẹ̀lú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní 2020, èyí tó ń ṣàfihàn bí àmì àìsàn ṣe ń rí lára awọ dúdú. Kò yẹ kí aláìsàn máa tijú láti sọ fún dókítà pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ má kàn wò ó."

Ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe nínú awọ

Ìtọ́jú awọ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe nǹkan àná. Niels Finsen, dókítà ará Denmark, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1903 nítorí ìmọ́lẹ̀ tó fi wo ikọ́ ife tó ń jẹ awọ ojú. Ní 1925, William Goeckerman ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé bí òun ṣe ń fi ọ̀dà èédú àti ìtànṣán ultraviolet tọ́jú psoriasis. Ìtànṣán yìí wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ojú ènìyàn kò sì lè rí i. Oríṣi méjì nínú rẹ̀ ni a nílò láti mọ̀: UVA, tó ń wọ inú awọ jinlẹ̀, àti UVB, tí kì í wọlé tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tó lágbára jù ú lọ.

Ní 1981, John Parrish àti Kurt Jaenicke ṣe ìwádìí láti mọ apá ibi tí ìwòsàn wà gan-an nínú UVB. Wọ́n rí i pé àwọn ìtànṣán tó kúrú, láti nánómítà 290 wá sí ìsàlẹ̀, ń jó awọ lásán láìwo àrùn. Àwọn tó wà ní nǹkan bí 300 sí 313 ló ń mú èépá lọ. Láti inú ìmọ̀ yìí ni gílóòbù tó ń tan ìtànṣán nǹkan bí nánómítà 311 nìkan ti di ohun èlò pàtàkì. A ó máa pè é ní UVB tóóró. Ìtànṣán yìí ń pa àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó ti ya aláìgbọràn nínú awọ, ó sì ń dín bí sẹ́ẹ̀lì awọ ṣe ń pọ̀ sí i kù. Kì í ṣe ooru ló ń ṣiṣẹ́ náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bí iná kan bá ṣe gbóná tó ló ṣe ń wò ó sí.

Oríṣi kejì ni PUVA: aláìsàn a kọ́kọ́ lo oògùn psoralen, lẹ́yìn náà ni a ó tan UVA sí i lára. Ilẹ̀ Íjíbítì ni ìmọ̀ yìí ti wá. Èso ewéko kan ní ẹ̀bá odò Náílì ni wọ́n ti ń rí psoralen. PUVA lágbára, ó sì ń wọlé dé ibi tí UVB kì í dé, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n tọpa àwọn aláwọ̀ funfun tó gbà á ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n rí i pé àrùn jẹjẹrẹ awọ pọ̀ sí i láàárín wọn. Wọn kò tíì rí irú ewu bẹ́ẹ̀ kedere ní ti UVB tóóró. Òun ni ọ̀pọ̀ dókítà ń kọ́kọ́ yàn báyìí, òun náà sì ni ìyókù àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Àwọ̀ ara àti ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀

Melanin ni èròjà tó ń mú awọ dúdú. Agboòrùn ni fún awọ: ó ń gba ìtànṣán dúró kí ó má baà wọlé. Gbogbo ènìyàn ló ní in, ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú, hóró rẹ̀ tóbi, ó sì fọ́n káàkiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Lára aláwọ̀ funfun, hóró rẹ̀ kéré, ó sì ṣùjọ. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1979 fi hàn pé nínú UVB tó bá bọ́ sí ara, nǹkan bí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kọjá ní ìpele òkè awọ funfun, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 7.4 péré ló ń kọjá ní ti awọ dúdú. Àìsàn náà sì wà ní ìsàlẹ̀ agboòrùn yìí. Bí a bá fún ènìyàn méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà, ọ̀kan lè jóná, èkejì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan gbà.

Thomas Fitzpatrick, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa awọ ara ní Harvard, ló gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ ní 1975 láti mọ iye ìmọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí aláìsàn fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn bí awọ rẹ̀ ṣe máa ń ṣe bí oòrùn bá pa á: ṣé ó máa ń jóná, àbí ó máa ń dúdú sí i? Àwọn aláwọ̀ funfun ló ṣe é fún ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n fi ìsọ̀rí karùn-ún fún àwọn aláwọ̀ ilẹ̀ àti ìkẹfà fún àwọn aláwọ̀ dúdú kún un. Títí di òní, ìsọ̀rí mẹ́fà yìí ni wọ́n ń lò. Ìlànà àwọn oníṣègùn awọ ara Amẹ́ríkà sọ pé kí ẹni tó wà ní ìsọ̀rí kìn-ín-ní àti ìkejì fi mílíjúùlù 300 fún sẹ̀ǹtímítà kan níbùú àti lóòró bẹ̀rẹ̀. Kí ti ìkẹta àti ìkẹrin fi 500 bẹ̀rẹ̀. Kí ti ìkarùn-ún àti ìkẹfà fi 800 bẹ̀rẹ̀. Bí ìtọ́jú bá ti ń lọ, wọn a máa fi kún un, ti aláwọ̀ dúdú sì lè gòkè dé 5,000 níbi tí ti aláwọ̀ funfun pátápátá yóò ti dúró sí 2,000.

Ìlànà yìí wúlò, ṣùgbọ́n kò tó láti fi ojú lásán yan ìsọ̀rí. Láàárín àwa Yorùbá nìkan, àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí apọ́nbéporẹ́ dé orí ẹni tó dúdú bíi kóró iṣin, àwọn méjì tí àwọ̀ wọn sì jọra lè má jọra lábẹ́ ìtànṣán. Ọ̀nà tó dájú jù ni ìdánwò: a ó tan ìwọ̀n oríṣiríṣi sí ojú kéékèèké mélòó kan ní ẹ̀yìn tàbí apá, a ó sì wò ó lẹ́yìn wákàtí 24 láti mọ ìwọ̀n tó kéré jù lọ tó yí awọ padà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Britain ń ṣe é kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n lójú tiwa, àkókò náà kò ṣòfò.

Àṣìṣe méjì ló yẹ kí a sá fún. Ìkíní ni kí dókítà tó ń bẹ̀rù fi ìwọ̀n òyìnbó tọ́jú aláwọ̀ dúdú fún oṣù mẹ́ta, kí ó sì sọ ní ìparí pé ìmọ́lẹ̀ kò ṣiṣẹ́ fún un. Ìkejì ni ìgbàgbọ́ pé awọ dúdú kì í jóná. Irọ́ ni. Awọ dúdú ń jóná lábẹ́ UVB, ṣùgbọ́n pupa tó ń kìlọ̀ fún òyìnbó kì í hàn lára wa. Àwọn àmì tiwa ni pé ibẹ̀ ń gbóná, ó ń ro bí a bá fọwọ́ kàn án, awọ ń fà, tàbí ó dúdú sí i lójijì. Bí ó bá le, a lé róró. Láàárín wákàtí 8 sí 24 lẹ́yìn ìtọ́jú ni èyí máa ń le jù, ìyẹn ìgbà tí aláìsàn ti délé. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó bá kàn ń wo ara kò tíì ṣe tó, ó gbọ́dọ̀ béèrè, "Báwo ni ara yín ṣe rí ní alẹ́ ọjọ́ yẹn?" Bí kò bá sì béèrè, ẹ sọ fún un.

Ẹ̀rí tuntun tó fọkàn balẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2024. Joel Gelfand ti Yunifásítì Pennsylvania àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ènìyàn 783 wé ara wọn: àwọn kan gba UVB tóóró ní ilé ìwòsàn, àwọn kan gbà á nílé ara wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣètò rẹ̀ kí aláwọ̀ funfun, aláwọ̀ ilẹ̀ àti aláwọ̀ dúdú lè wà nínú rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ìwádìí àtijọ́ kò ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ìtọ́jú ilé kò rẹ̀yìn sí ti ilé ìwòsàn. Ẹ kíyè sí i pé dókítà ló yan ìwọ̀n tí ẹ̀rọ náà ń tàn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan; kì í ṣe ẹ̀rọ tí ènìyàn kàn rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ìtọ́jú ṣe ń lọ

Aláìsàn a wọ inú àpótí gíga kan tí gílóòbù yí ká, a bọ́ aṣọ kúrò níbi tí àrùn wà, a wọ awò aláwọ̀ dúdú sójú. Àwọn ọkùnrin a sì bo nǹkan ọmọkùnrin wọn. Bí ojú kò bá ní àrùn, wọ́n lè bò ó pẹ̀lú. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì nílò nǹkan bí ìgbà 20 sí 36. Ẹni tó bá retí ìyípadà ní ọ̀sẹ̀ kejì yóò já ara rẹ̀ kulẹ̀.

Ìrìn àjò ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nínú rẹ̀, owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Iná mọ̀nàmọ́ná tó ń ṣe ségesège kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Bí ẹ bá pàdánù ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n bá ìwọ̀n lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọn a máa dín ìwọ̀n náà kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin, bí ó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, wọn a tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Awọ tètè máa ń gbàgbé.

Ẹ má ṣe kun ohunkóhun lọ síwájú iná láìbéèrè. Ìpara Whitfield tí ọ̀pọ̀ ilé ní fún làpálàpá ní salicylic acid nínú, èròjà yìí a sì máa dí UVB lọ́nà; ẹni tó kùn ún láàárọ̀ ọjọ́ ìtọ́jú ti fi ìbòrí sáàárín ara rẹ̀ àti ìwòsàn. Agbárí tí irun bò kì í rí ìmọ́lẹ̀ yìí gbà dáadáa, nítorí náà wọ́n lè fi oògùn mìíràn tọ́jú ibẹ̀.

Àpá dúdú tó ń ṣẹ́kù

Ìhín ni ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ti ń sọ̀rètí nù. Èépá ti lọ, ìyúnni ti dẹ̀, síbẹ̀ àpá dúdú, tàbí nígbà mìíràn àpá tó fẹ́ funfun, ṣì wà ní gbogbo ibi tí àrùn náà ti wà. Aláìsàn a ní kò tíì san. Dókítà tí kò fara balẹ̀ náà lè gbà bẹ́ẹ̀, kí ó sì máa fi kún ìtọ́jú. Ẹ fi ìka tọ́ ọ wò. Bí ojú ibẹ̀ bá tẹ́jú bá ìyókù ara, tó ń dán, tí kò sì hó mọ́, psoriasis ti lọ kúrò níbẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ẹ ń rí. Ó lè gba oṣù púpọ̀ kí àpá náà tó parẹ́. UVB fúnra rẹ̀ sì ń mú gbogbo awọ dúdú sí i nígbà ìtọ́jú, ó yẹ kí wọ́n sọ èyí fún aláìsàn kí ó tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá apọ́nbéporẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣe iyebíye sí. Ìdúdú náà a máa lọ díẹ̀díẹ̀ bí ìtọ́jú bá parí.

Ewu tó tẹ̀lé e ni ìpara abóra. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní hydroquinone, mercury tàbí clobetasol. Ẹni tó fi wọ́n lé àpá dúdú kúrò ti ya agboòrùn awọ rẹ̀, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ti bá a lára mu tẹ́lẹ̀ sì lè jó o. Clobetasol jẹ́ oògùn tí dókítà lè fúnni fún psoriasis, ṣùgbọ́n bí a bá ń fi í kun gbogbo ara fún oṣù púpọ̀ tí a sì dá a dúró lójijì, àrùn náà lè padà wá ní ọ̀nà tó burú, kí gbogbo ara máa hó tàbí kí ó tu ọyún. Bákan náà ni hóró steroid tí àwọn oníkẹ́míìsì kan ń tà fún ara yíyún. Bí ẹ bá ń bó ara, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí ó tó yan ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Kì í ṣe láti dá yín lẹ́jọ́.

Àwọn tí ìmọ́lẹ̀ kò tọ́ sí

Àfín kò ní agboòrùn tí a ń sọ, oòrùn lásán sì ń fa jẹjẹrẹ awọ fún wọn. Wọ́n nílò ìtọ́jú mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní àrùn lupus, ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ awọ rí, àti ẹni tó ń lo ciclosporin. Aboyún lè gba UVB tóóró, ṣùgbọ́n kì í gba PUVA. Àwọn oògùn kan ń mú kí awọ tètè jóná lábẹ́ ìtànṣán. Nínú wọn ni doxycycline àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń jẹ́ hydrochlorothiazide. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání lọ bá dókítà, àti àgbo náà.

Oòrùn àti àwọn iná mìíràn

Wọ́n lè béèrè pé: nígbà tí oòrùn pọ̀ ní ilẹ̀ wa báyìí, kí ni a ń ná owó lé iná lórí sí? Lóòótọ́, oòrùn díẹ̀ a máa ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n oòrùn kò ní ìwọ̀n. Ìkùukùu ń yí i padà, ọyẹ́ ń yí i padà, wákàtí ń yí i padà, àwọn ìtànṣán tó ń jó awọ láìwò ó sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí awọ bá jóná tàbí tó bó, psoriasis tuntun lè yọ lójú ọgbẹ́ náà.

Iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tàn sí ọmọ ìkókó tí ara rẹ̀ pọ́n kì í ṣe ultraviolet, kò sì wúlò fún psoriasis. Iná tí wọ́n fi ń gbẹ ọ̀dà èékánná kò wúlò fún un. Ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó fi ń sun ara wọn láti dúdú sí i, UVA ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì béèrè fún lẹ́tà tí yóò mú yín dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn awọ ara. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà, bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àrábà àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, ní irú oníṣègùn bẹ́ẹ̀. Ẹ lè ní láti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, títí kan ti HIV, nítorí kòkòrò náà lè mú psoriasis le sí i. Bí wọ́n bá sọ pé ìmọ́lẹ̀ ló tọ́ sí yín, ẹ béèrè ohun mẹ́rin kí ẹ tó wọ àpótí: ṣé UVB tóóró ni iná náà, ìgbà wo ni wọ́n díwọ̀n agbára gílóòbù náà kẹ́yìn, nítorí gílóòbù tó ti gbó kì í tan tó ti tuntun, mílíjúùlù mélòó ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, àti ta ni ẹ ó pè bí ara yín bá ń gbóná lóru.